Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Òyìnbó: “In” Tí Ó Ní Ìtumọ̀ Méjì

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan wò tí kò ju lẹ́tà méjì lọ. Àwọn ọmọ wa ń bá a pàdé lójoojúmọ́ nínú ìwé wọn, àwa àgbà náà sì ń rí i lára agolo, lára ìgò oògùn, àti lára ọkọ̀ tí ń kọjá lójú títì. Ọ̀rọ̀ náà ni “in”, nígbà tí ó bá so mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣì í túmọ̀ lè bínú sí ẹni tí ó yìn ín, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti iná bọ ilé. Nítorí náà ni a kò ṣe fẹ́ kí á fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún olùkọ́ nìkan.

Àwọn onímọ̀ èdè a máa pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àfòmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó tàbí oko obì mọ àfòmọ́ dáadáa: ewéko tí kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, tí ó jẹ́ pé orí igi mìíràn ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni “in” yìí rí. Orí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá gùn, ó ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Èdè tiwa náà ní irú rẹ̀. Ẹ wo “àì”. Bí a bá fi í síwájú “sàn”, ó di àìsàn. Bí a bá fi í síwájú “mọ̀”, ó di àìmọ̀. Síwájú “ní”, ó di àìní. Síwájú “kú”, ó di àìkú. Níbi gbogbo, iṣẹ́ kan náà ni “àì” ń ṣe: ó ń sọ pé ohun tí ó tẹ̀lé e kò sí, tàbí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé kì í ṣì í mọ̀, àgbà kì í ṣì í mọ̀.

Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé “in” ti Òyìnbó kò yàtọ̀ sí “àì” tiwa. Olùkọ́ ti kọ́ wa pé “visible” ni ohun tí a lè fi ojú rí, “invisible” sì ni àìrí. Pé “correct” ni ohun tí ó tọ̀nà, “incorrect” sì ni èyí tí kò tọ̀nà. Pé “curable” ni àrùn tí ó gbóògùn, “incurable” sì ni èyí tí kò gbóògùn. Òtítọ́ ni olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n apá kan òtítọ́ ni.

“In” méjì ni ó wà. Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù ìgbàanì, ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọ̀kan túmọ̀ sí “àì”. Èkejì túmọ̀ sí “nínú” tàbí “sínú”. Nígbà tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé, tí í ṣe ọmọ Látìn, di èdè àwọn ìjòyè ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí a fi Látìn kọ tún mú òmíràn wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn “in” méjèèjì ṣe wọlé. Àwa Yorùbá a máa fi ohùn ya ọ̀rọ̀ tí ó jọra sọ́tọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ “ọkọ” kò ní rò pé “ọkọ̀” tàbí “ọkọ́” ni a wí. Kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí “in”. Bí wọ́n ti ń kọ èyí ni wọ́n ń kọ tọ̀hún, bí wọ́n sì ti ń pe èyí ni wọ́n ń pe tọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí á wo díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí “in” wọn jẹ́ “sínú”. “Inhale” ni kí á fa èémí sínú. “Inject” ni kí á fi abẹ́rẹ́ ti oògùn sínú ara. “Ingest” ni kí á gbé nǹkan mì sínú ikùn. “Inhabit” ni kí á máa gbé inú ibì kan. “Inflate” ni kí á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú nǹkan, bí a ti í ṣe fún táyà kẹ̀kẹ́. “Inflame” ni kí á ti iná bọ inú nǹkan kí ó lè gbiná. Láti ibẹ̀ náà ni àwọn dókítà ti rí “inflammation”, orúkọ tí wọ́n fún ibi tí ó wú, tí ó pọ́n, tí ó sì gbóná lára ènìyàn. Kò sí “àì” nínú ọ̀kankan nínú wọn.

“Inoculate” náà wà nínú agbo ilé yìí, ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ni. “Oculus” ni àwọn ará Róòmù ń pe ojú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pe ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú jáde lára igi. Àwọn àgbẹ̀ wọn a máa gé irú ojú bẹ́ẹ̀ lára igi rere, wọn a sì fi í sínú èèpo igi mìíràn kí ó lè hù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn gba ọ̀rọ̀ yìí lò fún fífi díẹ̀ nínú àrùn sínú ara kí ara lè mọ bí yóò ti bá a jà, ohun tí àwa ń pè ní àjẹsára. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní kọ “n” méjì sí ìbẹ̀rẹ̀ “inoculate”. “Innocent” ni ó ní “n” méjì, nítorí pé “in” tí ó jẹ́ “àì” ni ó wà níwájú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí ṣíṣe ìpalára: ẹni tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni “innocent”.

Kí á tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé àwọn “in” méjèèjì a máa pa àwọ̀ dà. Níwájú “p”, “b” àti “m”, wọn a di “im”; níwájú “l”, wọn a di “il”; níwájú “r”, wọn a di “ir”. Nítorí náà ni ohun tí kò ṣeé ṣe fi ń jẹ́ “impossible”, ohun tí kò bá òfin mu fi ń jẹ́ “illegal”, tí ohun tí kò lọ déédéé sì ń jẹ́ “irregular”. “Sínú” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: “import” ni kí á kó ọjà wọ inú ìlú, “irrigate” sì ni kí á fa omi sínú oko. Èyí kò yẹ kí ó jẹ́ àjèjì sí wa. Bí a bá wí pé “ó ń bọ̀”, ẹ fi etí sí i: ètè ti ń pàdé de “b”, “m” ni ó sì ń jáde. “Mbọ̀” ni àwọn ìwé wa àtijọ́ tilẹ̀ ń kọ ọ́. Ahọ́n ènìyàn a máa wá ọ̀nà ìrọ̀rùn ní gbogbo ilẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa. Lára ọkọ̀ agbépo, lára agolo ọ̀dà, lára ìgò lọ́fínńdà, lára oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín sínú yàrá, àti lára sípíríìtì tí a fi ń nu ojú egbò, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan: “inflammable”. Ọmọ tí a ti kọ́ pé “in” ni “àì” yóò kà á pé nǹkan yìí kì í gbiná. Yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá àdògán. Yóò fín oògùn ẹ̀fọn sí ẹ̀gbẹ́ àbẹ́là tí ń jó. Bẹ́ẹ̀, ìdàkejì gan-an ni ohun tí a kọ síbẹ̀. “Inflame” ni kí á mú kí nǹkan gbiná. “Inflammable” ni ohun tí ó ń yára gbiná. Ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ, ọmọ náà sì kà á bí ẹni ka àṣẹ.

Kì í ṣe àwa tí a kọ́ èdè náà nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì mu ọmú pàápàá ń ṣì í kà. Ní Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1896 fún dídènà iná, National Fire Protection Association ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1929 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa kọ “flammable” dípò “inflammable”, kí ẹnikẹ́ni má ba à ṣìnà mọ́. Ní 1959, British Standards Institution, tí í máa fi ìlànà lélẹ̀ fún ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà wọ́n níyànjú bákan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà kò kú. Títí di òní, ẹ lè rí “flammable” lára agolo kan, kí ẹ sì rí “inflammable” lára èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní: ó ń gbiná. Èyí tí kì í gbiná ni wọ́n ń pè ní “non-flammable”.

Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè jó ilé, ẹ jẹ́ kí á sọ ti Benjamin Lee Whorf fún un. Amẹ́ríkà ni ọkùnrin yìí. Láti 1919 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní ìlú Hartford, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wádìí ohun tí ń fa iná. Nínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní 1941, ó sọ pé níbi tí àgbá tí ó kún fún epo bẹntiróò bá wà, àwọn ènìyàn a máa ṣọ́ra gidigidi. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá kó àgbá òfìfo sí, wọn a máa mu sìgá, wọn a sì máa ju ìdí sìgá kiri, nítorí pé orúkọ tí wọ́n fún àgbá wọ̀nyí ni “òfìfo”. Bẹ́ẹ̀, oru epo tí ojú kò rí ṣì wà nínú wọn, òun sì léwu ju epo gan-an lọ. Ọ̀rọ̀ ni ó tan àwọn ènìyàn náà jẹ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo sí ìdí ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú.

Báwo ni a ó ti ṣe mọ “in” tí ó jẹ́ “àì” yàtọ̀ sí “in” tí ó jẹ́ “sínú”? Àwọn àgbà wí pé ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ọ̀rọ̀ ti wá ni kí á wò. Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà fún ọ̀rọ̀ tí ìparí rẹ̀ jẹ́ “able” tàbí “ible”. Ẹ má ṣe gé orí rẹ̀. Ìrù rẹ̀ ni kí ẹ gé. Bí ẹ bá gé “able” kúrò lára “inhabitable”, “inhabit” ni yóò kù, ọ̀rọ̀ gidi sì ni, tí ó túmọ̀ sí gbígbé inú ibì kan. Nítorí náà “inhabitable” ni ibi tí ó ṣeé gbé. Ẹ gé ti “inflammable”, ẹ ó bá “inflame”, ọ̀rọ̀ gidi ni òun náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé ti “incurable”, “incure” ni yóò kù, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní irú ibẹ̀, “àì” ni “in” náà: àrùn tí kò gbóògùn.

Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí “in” wọn jẹ́ “àì” lóòótọ́, síbẹ̀ tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Ká ní ọ̀gá kan kọ ìwé ẹ̀rí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn, tí ó sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ “invaluable”. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ̀ pé “valuable” ni ohun tí ó níye lórí. Ó fi “àì” síwájú rẹ̀, ó rò pé ọ̀gá wí pé iṣẹ́ òun kò ní láárí, ó sì fa ìwé náà ya. Ìyìn tí ó ga jù lọ ni ó fà ya yẹn! Ohun tí “in” ń sọ níhìn-ín ni pé kò ṣeé díye lé, nítorí pé ó ju iye lọ. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀ nínú èdè wa. Bí a bá wí pé àìmọye ènìyàn wá sí ibi ìgbéyàwó kan, a kò wí pé ènìyàn kò wá. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ iye wọn ni. Bí “àìmọye” ti rí ni “invaluable” rí.

“Famous” ni olókìkí. Kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀ ni “infamous”. A mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ibi ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Orúkọ rere ni kò ní. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí àlejò pàtàkì kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pè é ní “infamous” nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju “famous” lọ. “Different” ni ohun tí ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n “indifferent” ni ẹni tí kò bìkítà, tí ire àti ibi rí bákan náà lójú rẹ̀. Bí a bá ro ó dáadáa, a ó rí i pé “àì” ṣì wà nínú wọn gbogbo. Ohun tí ó ń sẹ́ ni ó yẹ kí á wá rí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, “in” a ti bá ọ̀rọ̀ gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi rí i mọ́. “Infant” ni Òyìnbó ń pe ọmọ ọwọ́. Ní Látìn, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. “Enemy”, tí í ṣe ọ̀tá, ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú: “in” àti “amicus”, ọ̀rẹ́, ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Faransé ni ó sọ “in” rẹ̀ di “en” kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ku ohun kan tí ó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa nínú ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì ní “àì” mìíràn tí kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí ni “un”. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ a máa lo “un” fún ẹni tí ọ̀ràn kàn, a sì máa lo “in” fún ọ̀ràn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣe nǹkan ni “unable”, ṣùgbọ́n àìlèṣe náà ni “inability”. Aláìṣòdodo ni “unjust”, ṣùgbọ́n àìṣòdodo ni “injustice”. Bákan náà ni “unequal” àti “inequality”, “unstable” àti “instability”. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí èyí ju pé kí ọmọ kọ́ wọn ní méjì méjì, kí ó sì máa kà wọ́n sókè títí wọn yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Fún ìrọ̀lẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, a fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ bi àwọn ọmọ: “inheritable”, “inaudible” àti “inflatable”. Kí wọ́n gé ìrù wọn wò kí wọ́n tó dáhùn. Èkíní ni ohun tí a lè jogún, nítorí pé “inherit” ni kí á jogún. Èkejì ni ohùn tí etí kò lè gbọ́, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ “inaud”. Ẹ̀kẹta ni ohun tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ yìn ín. Èyí tí kò bá gbà á, kí ẹ tún un ṣe fún un pẹ̀lú sùúrù.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ilé ìwé yàtọ̀ sí iná àti oògùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe méfò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé kí á má ṣe “ingest” ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí á má gbé e mì. Bí wọ́n bá kọ “for inhalation”, fífà símú ni, kì í ṣe mímu. Ẹni tí kò bá dá lójú, kí ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, tàbí kí ó bi apòògùn. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ní ti agolo àti kẹ́ẹ̀gì tí ó wà nínú ilé, ohun kan wà tí a lè ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Kí baba tàbí ìyá pe àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n kó gbogbo ohun tí a kọ “flammable” tàbí “inflammable” sí lára jáde, kí wọ́n gbé wọn jìnnà sí àdògán àti àtùpà, kí ọmọ tí ó mọ̀wé kọ jù lọ sì mú ọ̀dà, kí ó fi èdè tí gbogbo ilé gbọ́, títí kan ìyá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀, kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: Ó Ń GBINÁ.